Ẹ̀gbọ́n, ṣé two-two mi lè gbé mi wọ ẹ̀kọ́ forensic lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè láti Ọ̀tà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Microbiology ni mo kà, mo sì jáde lọ́dún 2016 pẹ̀lú two-two, 3.21 nínú 5. Ó ti di ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣe quality control ní iléeṣẹ́ ohun mímu kan níbí, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lára iṣẹ́ forensic, ìyẹn àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń lò nílé ẹjọ́. Mo rí i pé àwọn fásitì Amẹ́ríkà kan ń fúnni ní graduate certificate lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn ò sì ní kúrò nílé. Ṣé wọ́n lè gbà mí? Ṣé dandan ni GRE, ìdánwò ìwọlé másítà wọn, àti IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé mo ti bá àwọn ọlọ́pàá ṣe àyẹ̀wò rí, pé kò sẹ́ni tó máa tọpa rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?"

Àbúrò mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá ọ lóhùn. Ohun tó ń já ọ láyà jù ni mo máa kọ́kọ́ mú: two-two kò tì ọ́ mọ́ ìta. Ohun tó lè tì ọ́ mọ́ ìta ni kẹ́mísírì tàbí biochemistry tí kò bá sí nínú transcript rẹ. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í tètè gbọ́. Ipò tí wọ́n fi jáde ni wọ́n máa ń sunkún lé lórí, wọn kì í tú inú ìwé náà wò.

Kí ni graduate certificate gan-an? Kì í ṣe dígírì, kì í sì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n á fi fún ọ ní bébà aláwọ̀ wúrà. Kíláàsì tí àwọn tó ń ṣe másítà ń jókòó sí náà ni, wọ́n kàn bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ ni. Ní Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń wà láàárín krẹ́díìtì 12 sí 18. Ní University of Florida, tó wà lára àwọn tó ti pẹ́ nídìí forensic orí íntánẹ́ẹ̀tì, krẹ́díìtì 15 ni, nígbà tí másítà wọn jẹ́ 32. Wọ́n pín in sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìmọ̀ májèlé, DNA àti ẹ̀jẹ̀, kẹ́mísírì oògùn olóró, ìwádìí ikú. Bí o bá rí i pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ti krẹ́díìtì 60, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ìṣirò tiwọn ló yàtọ̀. Másítà wọn jẹ́ 180.

Torí pé kíláàsì másítà ni, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni dígírì láti fásitì tí ìjọba fọwọ́ sí. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá jẹ́ HND ló ní, kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ fásitì náà kó tó san kọ́bọ̀, torí ojú kan náà kọ́ ni gbogbo wọn fi ń wò ó.

Máàkì ló kàn. Ọ̀pọ̀ fásitì ní 3.0 nínú 4 làwọn ń fẹ́. Mo mọ ohun tí o ti ṣe: o ti pín 3.21 sọ́nà márùn-ún, o fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, o rí 2.57, ọkàn rẹ sì pami. Ìṣirò yẹn kọ́ ni wọ́n ń lò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ òkèèrè yẹ̀ wò, irú WES àti ECE, course kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú lọ́wọ́. Wọ́n á wo A, B tàbí C tí o gbà níbẹ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, ìgbà náà ni wọ́n á tó rò ó pọ̀. Ohun tó ń jáde sábà máa ń dára ju ohun tí èèyàn fi fóònù rò nílé lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní course-by-course ni kí o béèrè fún. Èyí tó kàn ń sọ pé o gba dígírì kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọdún mẹ́rin ni àwọn fásitì kan ń wò. Ní University of Florida, iṣẹ́ ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń díwọ̀n 3.0 wọn, ibòmíràn á ní krẹ́díìtì 60 tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé 100 level ló bà ọ́ jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ba ọ̀pọ̀ wa jẹ́ lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá gbé láì sí ìyá nítòsí, máàkì 300 àti 400 level lè gbé ọ dìde. Bí ìyẹn náà kò bá tó, ọ̀nà kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní non-degree. O máa sanwó course kan tàbí méjì, o máa jókòó tì í. Bí o bá gba B tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ẹ̀rí tí kò sẹ́ni tó lè já ní koro.

Ó wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ transcript rẹ sórí tábìlì, mú bírò pupa. Wá organic chemistry, biochemistry, genetics, molecular biology àti statistics, kí o fa ìlà sí abẹ́ èyí tí o bá rí. Má sì wo orúkọ lásán, torí transcript tiwa máa ń gé orúkọ kúrú. O lè rí MCB àti nọ́ńbà mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gé láàárín tẹ̀lé e, kí ará Florida tó ń kà á má sì mọ̀ pé genetics ni ẹ fi gbogbo sáà yẹn kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kó padà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó gba handbook, kó ṣe ẹ̀dà ojú ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé course kọ̀ọ̀kan, kó ní kí HOD lu òǹtẹ̀ sí i. Mo ti rí i tí ojú ewé mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn tí lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè ṣí.

Èwo nínú wọn ni wọ́n máa béèrè? Ọ̀nà tí o bá fẹ́ tọ̀ ló máa sọ. Ní ti májèlé àti oògùn olóró, organic chemistry ni ìpìlẹ̀, biochemistry sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ GC-MS, tó ń ya kẹ́míkà inú nǹkan sọ́tọ̀ kí a lè dá wọn mọ̀, á tẹ ìlà gíga àti kúkúrú jáde fún ọ lórí bébà; ẹni tí kò mọ bí molecule ṣe ń fọ́ kò lè kà á, yóò kàn máa gba ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ gbọ́ ni. Ìwádìí ikú rọrùn díẹ̀ láti wọ̀. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í fi kẹ́mísírì há wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ti kọ̀ǹpútà àti fóònù tún jẹ́ ọ̀tọ̀. N kò ní fi dà ọ́ láàmú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí DNA, torí ibẹ̀ ni ojú microbiologist sábà máa ń lọ. Láàbù Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ fi àbájáde DNA sínú àkójọ ti orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà tí FBI là sílẹ̀. Ìlànà náà ní kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ní dígírì nínú bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì tàbí ohun tó bá forensic tan, kó ti kọ́ biochemistry, genetics àti molecular biology, kó sì ní ẹ̀kọ́ tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú statistics tàbí population genetics. Ẹni tó bá máa jẹ́ technical leader, tó máa dáhùn fún gbogbo iṣẹ́ láàbù náà, gbọ́dọ̀ ní másítà àti krẹ́díìtì 12 nínú irú àwọn ẹ̀kọ́ yẹn. Ṣé o rí i pé wọn kò dárúkọ certificate níbẹ̀ rárá? Àwọn course inú rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Bó bá jẹ́ pé molecular biology ló kù ọ́ kù, certificate tó ní in nínú lè dí ihò yẹn. Èyí tí kò ní in, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dún tó, ihò náà á ṣì wà níbẹ̀.

Má sì rò pé wọ́n fi statistics síbẹ̀ láti ni wá lára. Wo ọjọ́ tí o bá dé ilé ẹjọ́. O ti sọ pé DNA inú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọ̀bẹ bá ti olùjẹ́jọ́ mu. Agbẹjọ́rò rẹ̀ á dìde jẹ́ẹ́jẹ́, á ní, "Ẹlẹ́rìí, nínú èèyàn mélòó lẹ ti lè tún rí ẹlòmíràn tí tiẹ̀ máa bá a mu báyìí?" Bí o kò bá lè ṣàlàyé nọ́ńbà tó máa tẹ̀ lé ìbéèrè yẹn, gbogbo iṣẹ́ tí o ti ṣe láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ti dòfo níwájú adájọ́.

GRE kò yẹ kó gba oorun lójú rẹ. Fún certificate, ọ̀pọ̀ fásitì kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan á yọ̀ǹda rẹ torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ibì kan á ní kí fásitì rẹ kọ lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀, ibì kan á sì yarí pé dandan ni ìdánwò. Béèrè kí o tó sanwó, torí ọdún méjì péré ni èsì TOEFL àti IELTS fi ń wúlò. Mo mọ ẹni tó jókòó ṣe é, tó gba máàkì tó dára, tó wá rí i lẹ́yìn náà pé fásitì tí òun ń lọ kò béèrè rẹ̀ rárá.

Transcript ni kí o bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ọ̀dọ̀ fásitì rẹ tààrà ni WES ti ń fẹ́ gbà á. Èyí tó bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tèmi, oṣù méje ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde fi dá tèmi dúró. Wọ́n ní àwọn kò rí fáìlì mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn, tó lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rí i lábẹ́ fáìlì àwọn tó jáde ṣáájú wa, eruku ti bò ó débi pé orúkọ mi kò ṣeé kà mọ́. Kó tó débẹ̀, sáà tí wọ́n fẹ́ gbà mí sí ti wọlé, mo sì fi ọdún kan gbáko dúró. N kò fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí ọ. Orúkọ náà ńkọ́? Èyí tó wà lórí transcript, lórí ìwé ìrìnnà àti lórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí orúkọ ilé ọkọ bá ti wọ̀ ọ́, ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni kí o fi tì í lẹ́yìn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kòtò ló ní kí o rìn sí. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Annie Dookhan, onímọ̀ kẹ́mísírì ni ní láàbù ìjọba tó ń yẹ oògùn olóró wò ní Boston. Láti 2003 ló ti wà níbẹ̀. Ó ní òun ní másítà nínú kẹ́mísírì, kò sì ní in. Àwọn kan lè ní irọ́ kékeré nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ kan náà tó kọ másítà tí kò sí ló tún ń kọ èsì àyẹ̀wò tí kò ṣe. Lọ́dún 2013 ó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé ẹjọ́ tó lé ní 21,000 tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ̀. Rò ó wò: nínú àwọn èèyàn yẹn, àwọn kan ti ṣẹ̀wọ̀n tán. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àti pé nínú iṣẹ́ tiwa, wọ́n ń sanwó fún agbẹjọ́rò pé kó lọ wá òtítọ́ ọ̀hún rí. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí o bá kọ láti òní lọ ni wọ́n lè gbé sí ọ lójú níbi tí o bá dúró sí nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

Ohun tó sì dùn mí ni pé o kò nílò irọ́ náà. Kọ ohun tí ò ń ṣe ní Ọ̀tà. Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun mímu sínú ìgò, o máa ń fi buffer 4, 7 àti 10, omi tí a ti mọ ìwọ̀n kíkan rẹ̀, yẹ pH meter wò, o máa kọ ọ́ sínú logbook, o máa buwọ́ lù ú. O máa mú ìgò kan lórí ìlà, o máa lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, o máa kọ aago tí o mú un. Bí ẹnì kan bá dé lóṣù mẹ́ta sí i tó béèrè ibi tí ìgò yẹn ti wá àti àwọn tó fọwọ́ kàn án, ìwé rẹ á dáhùn. Chain of custody làwa ń pe ìyẹn. Tiwa kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú àpò, ẹnì kan sì wà ní àtìmọ́lé tó ń retí ohun tí a máa kọ. Fi ìdajì ojú ewé ṣàlàyé èyí nínú statement rẹ, ìyẹn ìwé tí o máa fi sọ ìdí tí o fi fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ náà, kí o sọ ọ̀nà kan pàtó tí o fẹ́ tọ̀. Ní kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kọ lẹ́tà kan, kí olùkọ́ tó rí ọ nínú láàbù kọ ìkejì. Ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ dára ju ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi lọ.

Kí o tó sanwó fún fásitì kankan, wo bóyá ó wà nínú àkójọ àwọn tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀. O máa gbọ́ nípa FEPAC, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ forensic. Dígírì ni iṣẹ́ wọn dá lé jù, nítorí náà, bí certificate kan kò bá ní òǹtẹ̀ wọn, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìrírí ayé rẹ nìkan ti tó, pé kí o san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé á dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò lè ṣe fún ọ pẹ̀lú, kí o má bàa ná owó tí o fi ọdún mẹ́fà kó jọ lórí àlá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ò ń ṣe láti Ọ̀tà kì í fúnni ní físà akẹ́kọ̀ọ́. Àní ẹni tó ti wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, course orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n lè kà fún un ní sáà kan mọ́ iye tó gbọ́dọ̀ ṣe. FBI kò sì ń gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn síṣẹ́. Ẹ̀kọ́ náà kò tún lè fi pipette sí ọ lọ́wọ́. Ìmọ̀ inú ìwé lo máa gbà, ọwọ́ á wá kọ́ tirẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nílé wa níbí, àyè wà. NAFDAC àti NDLEA ní láàbù, ọlọ́pàá ní tiwọn ní Oshodi. Ìjọba Èkó ṣí ibùdó DNA àti forensic lọ́dún 2017, àwọn jàǹdùkú sì bà á jẹ́ nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, n kò lè jẹun, torí mo mọ iye ìdílé tó ń retí ìdáhùn láti inú ilé yẹn. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 68, gbà kí ilé ẹjọ́ gbọ́ èrò ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe nínú sáyẹ́ǹsì. Ìmọ̀ àkànṣe ni òfin béèrè. Certificate tí o bá gbà, tí o sì so mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣeé tọ́ka sí, lè sọ ọ́ di ẹni tí adájọ́ máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìdánwò wọn ni wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́, aago wọn sì jẹ́ ti ọ̀hún. Bí iná bá lọ ní agogo méjì òru tí kámẹ́rà rẹ pa, àlàyé á pọ̀. Fi owó inverter tàbí ti ibi tí o máa lọ jókòó sí kún ohun tí o ń rò.

Béèrè fún transcript náà lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì gba handbook. Tí o bá fi bírò pupa wá biochemistry títí tí o kò rí i, má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Kọ́kọ́ wá ibi tí o ti lè ṣe ẹyọ rẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí non-degree, tí wọ́n máa fún ọ ní transcript rẹ̀. Tí o bá rí i, ko gbogbo course 300 àti 400 level rẹ sórí bébà pẹ̀lú máàkì wọn, yọ orúkọ àti nọ́ńbà matric rẹ kúrò, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá ọ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì sọ èyí tó bá ọ mu fún ọ láàárín májèlé àti DNA.